Owó tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́ òru. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó dùn mí pé ọ̀sẹ̀ tí wọn kò bá pè ọ́ láti wá tọ́jú àwọn àgbàlagbà yẹn, owó kì í wọlé fún ọ ní Lọ́ńdọ̀nù. O bi mí bí èmi ṣe ń rówó fi pamọ́ n'Íbàdàn ńbí, bí ọjà ṣe wọ́n tó yìí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ dáadáa.

Èésú tí a jọ ń dá nígbà tí o wà nílé ṣì ń lọ. Ó dára fún owó ilé àti fún ohunkóhun tí èèyàn bá mọ ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ẹni tó kàn láti kó. Nígbà tí Màmá dùbúlẹ̀ àìsàn, ilé ìwòsàn ní àfi kí a san àsansílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, èmi sì ni mo máa kó gbẹ̀yìn nínú èésú ọdún yẹn. Kóló ló yọ wá. Èmi àti àbúrò mi fọ́ ọ nílẹ̀ pálọ̀, a ń to igba náírà mọ́ igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, títí ó fi pé.

Láti ìgbà náà, owó pàjáwìrì mi ò pa pọ̀ mọ́ owó èésú, kò sì pa pọ̀ mọ́ owó òwò. N kì í mú un nínú owó ìránṣọ rárá. Àwọn ègé àǹkárá tó ń ṣẹ́kù lábẹ́ ẹ̀rọ ni mo fi ń rán ìdè irun àti fìlà ìsùn, àwọn ọmọ Poli sì ń rà á. Mo tún ń se sóbò. Màá ṣan ewé rẹ̀ dáadáa kí yanrìn kúrò, kí n wá sè é pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Èèpo yẹn kì í jẹ́ kí n ra ṣúgà púpọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni èrè wà. Lásìkò òjò kì í tà bẹ́ẹ̀.

Owó yẹn kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Alájọ ń wá gbà á nírọ̀lẹ́, á sàmì sí káàdì mi, bí oṣù bá sì parí, á mú owó ọjọ́ kan. Àwọn kan ní àdánù ni. Èmi ò gbà: bí kò bá fẹsẹ̀ rìn wá, màá ná an ni. Àmọ́ n kì í fi í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá ti san án, báńkì kékeré àdúgbò wa ló ń lọ, torí láti 2024, bí irú báńkì bẹ́ẹ̀ bá wó, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó oníbàárà ní báńkì, máa ń dá owó padà fún oníbàárà dé mílíọ̀nù 2 náírà; ti àwọn báńkì ńlá jẹ́ mílíọ̀nù 5. Bí alájọ bá sá lọ, ta ni èèyàn máa bi? N kò gba káàdì ATM sí àkáǹtì yẹn. Díẹ̀ ṣì wà nínú kóló, nítorí pàjáwìrì òru.

Ìwọ náà, ọwọ́ rẹ mọ irun dì ju tèmi lọ. Níwọ̀n bí ìwé ìgbélùú rẹ ti gba iṣẹ́ ara ẹni láyè báyìí, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ṣí àkáǹtì mìíràn fún owó irun nìkan, má sì jẹ́ kí ará ilé gbọ́ sí i. Owó ilé oṣù kan ni kí o kọ́kọ́ lé. Aṣọ ẹbí á dé, ìsọmọlórúkọ á dé, wọ́n á máa pè ọ́. Má fi owó yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi.

Bá mi kí Bàbá Tádé àtàwọn ọmọ. Tí o bá ti ṣí àkáǹtì náà, pè mí.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́