Owó Páànù Màámi

Kúbwà, Àbújá
Ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, 2024

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àwọn ọmọ ń kí yín. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ẹ ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba ti ń pín owó fún àwọn dókítà kò yẹ kó jẹ́ kí òjò máa pa ìyá ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo jẹ yín lésì, mo sì jẹ yín lówó.

Òótọ́ ni pé 350,000 náírà owó páànù tí a jọ sọ ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù Kejì. Òótọ́ sì ni pé kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mi ò ná an. Mo fi yá ẹnì kan ni. Ẹ má tíì pariwo.

Ọ̀fíìsì wa kì í pín owó. Àwọn tó ń ṣe PhD, ìyẹn oyè dókítà inú ìwé, àti àwọn olùwádìí là ń rí sí. Súpáfáísọ̀ á gbé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sórí tábìlì fún oṣù méje, èmi ni màá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ bí alájọ títí yóò fi kà á. Owó TETFund tí ẹ ń gbọ́ nínú rédíò, ara èrè àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, tó bá sì di ti ká rán èèyàn lọ kàwé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ló wà fún. Kò kan àpò mi. Kódà ẹni tó gbà á gan-an, rìsíìtì ni yóò máa kó kiri, títí dórí ti owó ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ará ilé tó ń pè mí ní ìyá olówó.

Ẹni tí mo yá lówó, olùkọ́ ni, ọmọ Kébbí. Màláàmù là ń pè é. Ẹ̀pà ló ń ṣèwádìí lé lórí, ẹ̀pà lásán tí ẹ mọ̀ yìí. Tí wọn ò bá sá a gbẹ dáadáa kí wọ́n tó rọ ọ́ sápò, á bu, ohun tó hù sí i lára á sì tú májèlé sínú ẹ̀. Aflatoxin ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ò ní rí i, kò lóòórùn, díndín ò sì ní kó kúrò tán. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. (Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá Màámi jà lórí kúlíkúlí olówó pọ́ọ́kú yẹn. Kì í ṣe ìgbéraga.)

Ní 2022, ó ti kó ẹ̀pà jọ láti ọjà mọ́kànlá, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó lẹ orúkọ ọjà mọ́ wọn, ó kó wọn sí fírísà. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 14 February, kò parí títí di 14 October. Kò sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Omi dúdú ń ṣẹ́ jáde lábẹ́ fírísà, yíǹkì ara bébà ti fọ̀. Ó mú ọ̀rá kan, ó ń fi èékánná ha bébà yẹn díẹ̀díẹ̀ bóyá ó lè rí i kà pé ti Yàúrì ni. Kò rí nǹkan kan. Kò sunkún o. Ó ní ṣé mo lè bá òun wá mọ́ọ̀pù.

Ó tún kó òmíràn jọ. Kít tí wọ́n fi ń wá májèlé yẹn, dọ́là ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó kọ ìṣirò owó ẹ̀, dọ́là ò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Wọ́n wá tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀ ní June 2023. Nígbà tó fi máa di February yìí, dọ́là kan ti kọjá 1,400 náírà. Ọlọ́jà ni yín, ẹ bá mi ṣe é: kít 500 dọ́là tí 250,000 ì bá gbé ti di 700,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. TETFund ti san iye tó wà nínú ìwé. Owó oṣù tí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti wá jẹ ẹ́ ni kò jáde, àkókò tí wọ́n fún un láti parí sì ti ń lọ sópin. 380,000 ló kù. Ó ta fóònù ẹ̀, ó rí 30,000. Mo kó ìyókù fún un.

Ẹ ó ní ta ló rán mi. Bọ̀dá mi, ẹ rántí 2009? Mo ti wà lẹ́nu MPhil n'Íbàdàn. 60,000 tí Bàámi fi pa mọ́ kí n lè lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní abúlé Èkìtì, inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà mọ́tò yín ló wọ̀. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà la fi sin Bàámi. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, àbí? Mi ò sì ṣírò ẹ̀ mọ́ yín lọ́rùn. Mo kàn mọ bí iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ṣe ń kú sórí owó tí èèyàn fi ń ra aṣọ ẹbí méjì.

Ti àkọ́bí yín tí ẹ ní kí n fi orúkọ ẹ̀ sí ara àwọn tí wọ́n ń rán lọ kàwé: TETFund ò kàn án, kò ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Kó wo PTDF, àjọ ìjọba tó ń rán èèyàn lọ kàwé nípa epo rọ̀bì, nítorí geology, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó kà, bá a mu. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ DAAD ti Jámánì náà wà. Kó gbàgbé Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í sanwó PhD. Láti January ni mo ti ní kó kọ ojú ìwé méjì péré nípa ohun tó fẹ́ wádìí. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́. Ó wọ kóòtù.

Mo ti fi 150,000 sí àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Owó àjọ mi ni, mo bẹ ẹni tó kàn kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó o. Màláàmù ní 200,000 tó kù á wọlé kí oṣù yìí tó parí. Tí kò bá wọlé, màá yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Wọ́n gbé owó iná àwa tó wà ní Band A dé 225 náírà fún yúnìtì kan ní oṣù tó kọjá, àwa náà ń sùn nínú ooru, ṣùgbọ́n màá san án. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìbéèrè kan péré: apá ẹ̀yìn nìkan ni ẹ ní atẹ́gùn ká. Báwo ni káfíńtà ṣe ka páànù tó fi tó ilé odindi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò òrùlé náà ránṣẹ́. Kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà o, ẹ gun àkàbà. Kí Màámi sì kó bẹ́ẹ̀dì wọn sí yàrá iwájú títí a ó fi kàn án.

Màláàmù gbé ẹ̀pà múdù mẹ́ta wá kí mi, nínú èyí tó ti yẹ̀ wò tí kò lábàwọ́n. Mo máa fi rán awakọ̀ ní gáréèjì Jábì lọ́jọ́ Sátidé. Ti Màámi ni, kì í ṣe tiyín.

Àbúrò yín,
Ìyá Ìbejì