Owó wà fún ìpínlẹ̀ tálákà, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹni tó bá ti kọ̀wé sí yín lórí owó ìpínlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kan náà ló ń bẹ̀: kí ìjọba àpapọ̀ fi kún ti àwọn tí kò rí jájẹ. Kí wọ́n tó fi kún un, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wà nílẹ̀ tí ọwọ́ kò tó, ìyẹn owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀, ó kéré tán, fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, dọ́gba ni wọ́n ń pín in fún ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja. Dọ́gba o! Kano tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, Bayelsa tó ní 8, iye kan náà. Ìpínlẹ̀ kò sì lè fọwọ́ kàn án àfi tó bá kọ́kọ́ kó ìdajì owó iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe sílẹ̀ lápò ara rẹ̀. Bí ti ìjọba àpapọ̀ bá jẹ́ bílíọ̀nù kan náírà, ìpínlẹ̀ náà á mú bílíọ̀nù kan wá. Èyí kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún Èkó. Ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé owó FAAC, ìyẹn owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ló fi ń san owó oṣù ńkọ́?

Ibi tó ti ń wọ́ nìyí. Kí owó FAAC tó kúrò ní Abuja ni wọ́n ti yọ gbèsè lórí rẹ̀. Owó oṣù àti ti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì á gbé ìyókù mì. Ìpínlẹ̀ á wá sáré yáwó ní báńkì, á fi hàn nínú àkáǹtì, ti ìjọba àpapọ̀ á jáde, owó yíyá á padà síbi tó ti wá, tòun tèlé. Nínú ìwé, bílíọ̀nù méjì ni wọ́n fi kọ́ kíláásì. Ẹni tó bá yọ owó yíyá àti èlé kúrò á rí i pé kò tó bílíọ̀nù kan. Èyí tí kò rí ẹni yá a, owó tirẹ̀ á jókòó ní báńkì àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ símẹ́ńtì kò dúró dè é.

Ní Íńdíà, nínú ọ̀pọ̀ ètò tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ń náwó lé, 60 sí 40 ni wọ́n ń dá a, ti ìjọba àpapọ̀ ni 60. Fún àwọn ìpínlẹ̀ wọn bíi Nagaland, Mizoram àti àwọn tó wà lórí òkè Himalaya, 90 sí 10 ni. Bí a bá lo ìyẹn níbí, mílíọ̀nù 111 péré ni ìpínlẹ̀ máa fi lé bílíọ̀nù kan. Kí FAAC máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mílíọ̀nù 9 àti díẹ̀ lóṣù, kò sẹ́ni tó máa yáwó. N kò ní kí ìpínlẹ̀ má mú nǹkan kan wá: ìpínlẹ̀ tí kò fi kọ́bọ̀ sí i kì í yọjú sí kọngílá.

Ta wá ni tálákà? Kí wọ́n má lo orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ 23 tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ wọn kò gòkè, èyí tí wọ́n fi ń gbani sí yunifásítì. Rivers wà níbẹ̀, tòun ti ìdá 13 nínú 100 tó ń gbà lórí owó epo rẹ̀! Owó FAAC tó kù lẹ́yìn gbèsè, àti owó orí tí ìpínlẹ̀ ń pa, ni kí wọ́n pín sí iye ọmọ tó tó ilé ìwé lọ, kí wọ́n sì tún un wò lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta.

UBEC kò lè dá èyí ṣe. Abala 11 òfin náà ló so ó mọ́ ìdajì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ nìkan ló sì lè tú u.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Abuja