Kì í ṣe gáàsì tuntun ló ń pa AC wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Ṣàgámù, tó ń ráhùn pé AC ayé àtijọ́ ló dára, pé àwọn tí wọ́n ń kó wọlé báyìí kì í pẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú AC) tó jóná, àti pé gáàsì tuntun tí òyìnbó gbé dé kò bá ilẹ̀ wa mu. Iṣẹ́ AC ni mo fi ń jẹun níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó ti kú tí mo sì ti tú wò nínú wọn kò kéré. Ẹ jẹ́ kí n ṣe lọ́yà fún gáàsì yìí díẹ̀, nítorí ọ̀daràn gan-an kò sí nínú lẹ́tà yẹn rárá.

AC sìpílíìtì tí ẹ rà lọ́jà, inú ẹ̀rọ tó ń gbé ìta ni gáàsì rẹ̀ wà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti tì í mọ́bẹ̀. Àmọ́ páìpù bàbà tí a fi ń so ti ìta mọ́ ti inú ilé, afẹ́fẹ́ ìlú wa ló kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀hún kò sì gbẹ. Kí a tó ṣí gáàsì sílẹ̀, ó yẹ kí a gbé fákúùmù pọ́ǹpù wá, kó fa gbogbo ohun tó wà nínú páìpù jáde títí ibẹ̀ yóò fi ṣófo. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe dípò ìyẹn ni pé a óò so páìpù, a óò dẹ nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, a óò ṣí gáàsì kó lé atẹ́gùn jáde. Ó dún ṣíì, a di nọ́ọ̀tì, a tan AC, ó tutù, oníbàárà rẹ́rìn-ín, a gba owó wa.

Gáàsì tó dún ṣíì yẹn, owó ẹni tó ra AC ló ń fò lọ. Bó bá jẹ́ R410A ni, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tuntun yẹn, kílò kan rẹ̀ tó bá tú sójú ọ̀run ń mú ayé gbóná ju 2,000 kílò èéfín carbon dioxide lọ láàárín 100 ọdún. Kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí a rán an tán. Ó lè ti èyí tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà síta, kò lè gbé omi tó lẹ̀ mọ́ ara páìpù.

Omi tí mò ń wí yìí, ojú ò lè rí i. Ẹ ò lè dà á síta, ẹ ò sì lè fi aṣọ nù ún. Àfi kó hó, kó di oru, kí pọ́ǹpù wá fa oru náà jáde. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ nílé ìwé pé 100 lórí ìwọ̀n Celsius ni omi ń hó, àmọ́ ìyẹn jẹ́ nígbà tí gbogbo agbára afẹ́fẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, agbára tó lè gbé mẹ́kúrì ga dé mìlímítà 760. Bí a bá fa afẹ́fẹ́ náà kúrò títí tó fi kù bíi mìlímítà 24, omi yóò máa hó ní ìwọ̀n 25 péré, láìdáná. Máíkírọ́ọ̀nù ni àwa fi ń ka èyí tó bá kù lẹ́yìn náà; 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí jẹ́ 760,000. Ibi tó yẹ kí a fa páìpù AC dé ni 500 tàbí kó kéré sí i, kó sì dúró níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fáàfù pa.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹṣin wà nínú rẹ̀, Ìjẹ̀bú ò sì kọ ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú pọ́ǹpù yìí ni Otto von Guericke, olórí ìlú Magdeburg ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1650. Ó mú abọ́ bàbà ńlá méjì, ó da ẹnu wọn kọ ara wọn, kò fi àtè lẹ̀ wọ́n, kò sì fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n, ó kàn fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde ni. Ó wá so ẹṣin mọ́ apá ọ̀tún, ó so mọ́ apá òsì, ó ní kí wọ́n fà á ya. Ẹṣin fà, ẹṣin ò lè fà á ya. Ìgbà tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé, ọwọ́ lásán ló fi ya wọ́n. Mo máa ń rántí ìtàn yìí tí mo bá ń wo ẹṣin àwọn ìdílé Balógun l'Ójúde Ọba.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹjọ́ tí òǹkàwé yín pè. Òótọ́ ló sọ pé AC àtijọ́ ń pẹ́. R22 ni gáàsì wọn, òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn kì í sì í fa omi púpọ̀, nítorí náà wọ́n ń fara da ìwà àìbìkítà wa. Àwọn tuntun tó ń lo R410A tàbí R32, òróró tiwọn yàtọ̀: ẹ fi sílẹ̀ ní gbangba díẹ̀, ó ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí gàrí Ìjẹ̀bú tí a ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò. Omi àti ooru bá pàdé nínú irú òróró bẹ́ẹ̀, ásíìdì ló ń dà. Ásíìdì yìí yóò máa jẹ ohun tí wọ́n fi bo wáyà inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wáyà méjì yóò fi kan ara wọn.

Mo ti gé irú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀ sí méjì lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Òróró rẹ̀ ti dúdú kirikiri, ó ń rùn débi pé ó ń ta ni nímú. Èyí tó yà wọ́n lẹ́nu jù ni ọ̀pá irin tó ń yí láàárín rẹ̀: irin ni, ó yẹ kó máa dán, àmọ́ ó ti pọ́n. Ásíìdì ti ha bàbà lára páìpù, ó sì ti lọ fi kun irin. Àyè tó wà láàárín ọ̀pá yẹn àti ibùsùn rẹ̀ kò tó nǹkan, bí bàbà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, yóò há. Ẹni tó ni AC náà ti bú Nẹ́pà tán kí n tó dé. N kò ní Nẹ́pà kò lẹ́ṣẹ̀ o, iná tó ń lọ sókè sódò ti pa tiẹ̀. Àmọ́ Nẹ́pà kọ́ ló pa èyí.

Afẹ́fẹ́ náà ní ìyà tirẹ̀. Gáàsì máa ń di olómi nínú ẹ̀rọ ìta, afẹ́fẹ́ kì í di olómi, yóò kàn gba àyè níbẹ̀ ni, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò máa fi agbára tí kò yẹ ti gáàsì kọjá. Agbára tí R410A fi ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ fi bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ju ti R22 lọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà lórí Band A mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí mítà.

Ìgbà kan wà tí wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn àpèjẹ kan nílùú yìí. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, n kò sì ní dárúkọ agbaṣẹ́ṣe tó kọ́kọ́ ṣe é. Àsìkò òjò ni, Ojúde Ọba ti sún mọ́lé. Ní 2023, 2024 àti 2025, oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, àsìkò tí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, àsìkò yẹn náà sì ni gbogbo onígbọ̀ngàn àti onílé ìtura ń sáré kọ́ AC, torí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń bọ̀ wálé. Ẹni tó fa páìpù ibẹ̀ ti fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìdí nígbà tí àwọn tó ń rẹ́ ògiri ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò fi ọ̀rá tàbí téèpù kankan bo ó.

Mo so pọ́ǹpù, mo tan án. Géèjì sáré sọ̀kalẹ̀, ó wá dúró gbagidi níbì kan, kò lọ, kò bọ̀. Òróró pọ́ǹpù tó mọ́ lóló bẹ̀rẹ̀ sí í funfun nínú gíláàsì rẹ̀, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Àlàájì tó ni gbọ̀ngàn wọlé, ó wò mí títí.

“Ọ̀gá AC, ẹ̀rọ yín yìí kàn ń pariwo ni, n ò rí nǹkan tó ń ṣe. Ṣé ariwo ni mo máa sanwó fún ni?”

“Ẹ má bínú, Àlàájì. Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Omi ló ń hó nínú páìpù yín báyìí.”

“Omi tó ń hó? Páìpù tí mo fọwọ́ kàn tó tutù?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà àga jókòó. Mo pààrọ̀ òróró pọ́ǹpù, mo fi nàítírójìn tó gbẹ kún páìpù, mo tú u jáde, mo tún fà á, mo tún un ṣe títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún páìpù tó bá mu omi. Nígbà tí nọ́ńbà lọ sábẹ́ 500, mo ti fáàfù, mo pa pọ́ǹpù, àwa méjèèjì jọ ń wò ó. Ibi yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Bí nọ́ńbà bá ń gùn tí kò dúró, páìpù ń jò. Bó bá gùn díẹ̀ tó wá dúró, omi ṣì kù ńbẹ̀ tó ń hó. Bó bá dúró síbi tí a fi í sí, ẹ lè ṣí gáàsì sílẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò ní àwọn náà ń fa tiwọn. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fìríìjì àlòkù tí wọ́n dè mọ́ irin ni wọ́n fi ń fà á, géèjì onígáàsì lásán ni wọ́n sì fi ń wò ó. Ó ń fa nǹkan jáde lóòótọ́, àmọ́ wọn kò ṣe é fún omi, kò sì sí bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ òróró inú rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ géèjì yẹn ní tirẹ̀, bó bá ti dé 30 nísàlẹ̀, kò lè sọ ìyàtọ̀ 500 sí 5,000 fún yín. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC náà gan-an fa ara rẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí gáàsì ló yẹ kó máa mú wáyà inú rẹ̀ tutù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Ohun kan wà tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà wá ibi tí páìpù ti ń jò, nàítírójìn ni kó lò. Ọ́síjìn àti òróró nínú páìpù tí agbára pọ̀ nínú rẹ̀ lè bú gbàmù. R32 náà ń gbiná bí a bá fún un láyè, R290 tó wà nínú àwọn fìríìjì tuntun kan sì ń gbiná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú wọn lè dá jàǹbá sílẹ̀. Ìgbà tí R22 ń ṣe ìjọba, ọjà oníbàárà ni ẹni tó bá fi atẹ́gùn sínú AC sábà máa ń bà jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ìjọba dá R22 padà. Kò ní padà. Ó wà lára àwọn tó ń ba ààbò ojú ọ̀run jẹ́, Àdéhùn Montreal ti 1987 sì ti ń lé irú wọn kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ káàkiri ayé. Ọwọ́ wa ló gbọ́dọ̀ yí padà.

Àwa oníṣẹ́ nìkan kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Ẹni tó ní gbọ̀ngàn, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ń ná wa lówó bí ẹní ń ná ata l'Ókè-Àjẹ́. Bí mo bá kọ “owó fákúùmù” sínú ìwé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fagi lé. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń jó nínú gbọ̀ngàn yín, owó aṣọ òkè ẹnìkan nínú wọn tó láti san án, ó sì lè kù. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a óò fi nàítírójìn dán páìpù wò, a óò fà á sábẹ́ 500, ẹ ó sì fi fóònù ya àwòrán géèjì kí ẹ tó san èyí tó kù nínú owó iṣẹ́. Fún ilé ìtura tó ń lo VRF, tí ẹ̀rọ ìta kan ń bọ́ ọ̀pọ̀ yàrá, ẹ má ṣe àwàdà pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Páìpù gígùn ni, bí omi bá wọ̀ ọ́, gbogbo yàrá ló ń jìyà pọ̀. Ẹ fún oníṣẹ́ ní àkókò, kódà kó di ọjọ́ kejì.

Fún ẹgbẹ́ wa, mo dá a lábàá pé kí a dáwó ra pọ́ǹpù gidi kan àti géèjì máíkírọ́ọ̀nù, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní máa yá a lò. Kí ọmọ iṣẹ́ kankan má sì ṣe gba fúrídọ́ọ̀mù láìmọ̀ ọ́n kà. A kì í fi ọ̀rọ̀ kúlà ìrẹsì àti àga rẹ́ńtì ṣeré lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí ìdánwò díẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní ti òǹkàwé yín láti Ṣàgámù, mo rí i nínú lẹ́tà rẹ̀ pé ó ti fẹ́ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun. Ẹ bá mi sọ fún un kó dúró ná. Ásíìdì tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú páìpù, yóò sì pa èyí náà. Kí ẹni tó bá máa ṣe é fọ páìpù mọ́, kó fi nàítírójìn fẹ́ ẹ, kó fi dáráyà tuntun, èyí tó ń gba omi àti ìdọ̀tí sílẹ̀, sí i, kó tó gbé pọ́ǹpù wá. Kí òun náà gbé àga rẹ̀ sítòsí géèjì, kó máa wò ó, kó má sì ṣe yọwó iṣẹ́ títí tí nọ́ńbà yẹn yóò fi dúró.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ AC kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.