Ìkéde: Owó-orí ilẹ̀ oko ní Texas

Ẹ̀yin ará wa tó ní ilẹ̀ oko ní Texas, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin kọjá lórí yín o. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń béèrè pé kí wọ́n ṣírò owó-orí ilẹ̀ yín bíi ti oko gbọ́dọ̀ ti dé ọ́fíìsì tó ń díyelé ilẹ̀ ní káúńtì yín.

Ìbò tí wọ́n dì lóṣù kọkànlá ọdún 1978 ló fi í sófin pé ohun tí oko lè mú wá ni kí wọ́n fi ṣírò owó-orí, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti jẹ́ oko fún ọdún 5 nínú ọdún 7 tó ṣáájú. Ewúrẹ́ méjì tí a so mọ́dìí igi kò sọ ọ́ doko o! Ẹni tó ní éékà 5 sí 20 lè sin oyin, kí wọ́n fi ka ilẹ̀ rẹ̀ sí oko. Tẹ́ ẹ bá sọ oko di ilé, wọ́n á gba àfikún owó-orí ọdún 3 sẹ́yìn.

Ẹ mú ìwé ilẹ̀ yín wá sípàdé.