Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Onífisiotẹ́rápì Lórí Owó Ìwé Àṣẹ àti Yàrá Ìtọ́jú Ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìlera Alábọ́ọ́dé.

Ẹ̀yin Alága wa tí a bọ̀wọ̀ fún, àti ẹ̀yin Káńsẹ́lọ̀ gbogbo,

Àwa onífisiotẹ́rápì, tí à ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú oríkèé, iṣan àti eegun tó ń ro tàbí tó le, tí à ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí, kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A ń bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ méjì tó so kọ́ra: ìwé owó tí àwọn agbowó ìjọba ìbílẹ̀ ń mú wá bá wa, àti ọ̀nà jíjìn tí àwọn aláìsàn wa ń rìn kí wọ́n tó rí ìtọ́jú gbà.

Ìwé tí wọ́n mú wá fún àwọn kan nínú wa lọ́dún yìí kà wá mọ́ ilé ìgbafẹ́, ilé ọtí àti ilé ìwọ́ra, iye tí wọ́n sì bù lé wa ni iye tí wọ́n bù lé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó yé wa bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yọjú wo yàrá wa yóò rí ibùsùn, òróró, ẹnì kan tó dojú bolẹ̀ àti ẹnì kan tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kò sì sí bí yóò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ìlera là ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1988 ni òfin kejìdínlógójì ọdún náà ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń forúkọ irú wa sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ yìí láti ọdún 1966, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é yóò lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní yunifásítì, yóò sì tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn. A kò kẹ́gàn awọ́ra. Ẹni tí iṣẹ́ bá ti rẹ̀ mọ̀ pé ìwọ́ra dára. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ kà wá mọ́ àwọn ilé ìlera, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ka ilé oògùn àti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èjìká tó gan ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Awọ tó yí oríkèé èjìká ká a máa le, a sì máa sún kì, títí tí obìnrin kò fi ní lè gbé ọwọ́ sókè wé gèlè, tí ọkùnrin kò sì ní lè na ọwọ́ sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, nítorí náà ìbéèrè ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì wọn ibi tí apá náà lè gbé dé. Bí ìrora bá ṣì pọ̀, ìmì díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa mi oríkèé náà, láì dé ibi tó ti le. Bí ìrora bá ti ń rọlẹ̀, a ó wá máa tì í dé ìpẹ̀kun, níbi tó ti ń kọ̀. Lẹ́yìn èyí ni aláìsàn yóò máa fi ìka gun ògiri lọ sókè nílé lójoojúmọ́, nítorí pé ohun tí ọwọ́ wa bá ṣí, bí onítọ̀hún kò bá lò ó, yóò tún padà le. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń gbà, ó sì lè tó oṣù púpọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára. Wọ́n fọwọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, eré ìdárayá, ìwọ́ra àti fífi ọwọ́ mi eegun ẹ̀yìn lára àwọn ohun tí a lè fi tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ní kí a má ṣe fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní oògùn apàrora líle tó wà ní ìdílé mọfíìnì. Ìdílé yẹn ni tramadol wà, èyí tí àwọn alábàárù àti ọlọ́kadà wa ń gbé mì kí wọ́n lè rí iṣẹ́ òòjọ́ ṣe. Mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni wọ́n ṣírò pé ẹ̀yìn ń dùn káàkiri àgbáyé ní ọdún 2020, a kò sì rò pé àwọn tó ń tẹ̀ ṣe ebè ní abúlé wa yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn tí ẹ̀gbà kọlù ni ọ̀rọ̀ wọn ká wa lára jù. Ilé ìwòsàn ńlá yóò gba ẹ̀mí wọn là, yóò sì dá wọn padà sílé, àwọn ẹbí yóò wá máa fa apá tó kú náà láti fi gbé wọn dìde. Fífà yẹn ń ba èjìká jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré la fi ń kọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn ní bí ó ṣe yẹ kó gbé wọn. Ọmọ inú ilé tó ń san owó ọkọ̀ méjì gbé aláìsàn lọ gba ìtọ́jú ní ìgboro lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi dáwọ́ dúró, a kò sì lè dá a lẹ́bi.

A mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbà lọ bí wọ́n bá dá lápá tàbí lẹ́sẹ̀, a kò sì kọ ìwé yìí láti bá wọn jà. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ bá wa sọ fún wọn: ìgbúnwọ́ tó le lẹ́yìn ìpalára kò ṣeé fi agbára wọ́, nítorí eegun lè hù nínú ẹran apá. Kí wọ́n fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Àwa náà ní ẹni tí a kì í gbé ọwọ́ lé: ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò wá rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́ tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá kan ìdí rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni a ń darí rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ètò ìlera, ẹ sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní àwọn wọ́ọ̀dù. A bẹ̀bẹ̀ fún yàrá kan nínú ọ̀kan lára wọn, lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó má bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ibùsùn onígi tó ga dé ìbàdí, ìrọ̀rí mélòó kan àti omi tó mọ́ ti tó wa; iṣẹ́ náà kò dúró de iná mànàmáná. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa yóò máa pín ọjọ́ náà ṣe, a kò sì béèrè owó oṣù lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ iye tí aláìsàn yóò san, a ó sì máa fi àkọsílẹ̀ iye àwọn tí a tọ́jú ránṣẹ́ sí Ẹ̀ka Ìlera lóṣooṣù.

A sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé àṣẹ láti ṣí ilé fisiotẹ́rápì lọ́dọ̀ yín láì kọ́kọ́ fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn. Ó kan àwa náà. Tiwa ti wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ilé iṣẹ́ wa sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán wá.

Títí ẹ ó fi fún wa ní ọjọ́ tí a lè wá rí yín, a tọrọ pé kí àwọn agbowó yín dá ìwé owó tọdún yìí dúró ná.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Ààrẹ Ẹgbẹ́ àti Akọ̀wé Ẹgbẹ́,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.