Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní píánò

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí o ń kọ́ ní píánò máa ń sunkún bó bá ti jókòó, pé ọrùn ọwọ́ ń dùn ún, àti pé ìyá rẹ̀ ti ń wò ọ́ bí ẹni tó gbowó ọjà tí kò gbé ọjà sílẹ̀. O wá bi mí bóyá kí o dá owó wọn padà, kí o sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìta gbangba ni mo fẹ́ ti dá ọ lóhùn, torí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ lo wà nínú yàrá kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kan àti ọmọ ọlọ́mọ, tí o kò rí ẹni bi léèrè.

Má dá owó kankan padà. Wọ ilé ìdáná màmá rẹ lọ, gbé àpótí tí wọ́n fi ń jókòó dáná, kí o fi sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kì í sábà kanlẹ̀ lórí àga píánò. Bí ẹsẹ̀ bá ń fì dirodiro, ara á máa wá ohun tí yóò dì mú kó má baà yọ̀. Èjìká ló máa kọ́kọ́ le, apá á tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á wá parí sí ọrùn ọwọ́. Ìwọ á máa sọ pé kó dẹ ọwọ́, kò sì ní lè dẹ̀ ẹ́, torí ọwọ́ yẹn ló fi di ara rẹ̀ mú. Wo ìgúnpá rẹ̀ náà: ó yẹ kó wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ibi tí ìka ń tẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀, ká aṣọ ìbora lé àga kó lè ga sí i. Bó bá ga sí i, ẹsẹ̀ á tún jìnnà sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àpótí ló máa gbà á. Bí ìrora náà bá ṣì wà lẹ́yìn èyí, jẹ́ kó sinmi, kí àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ rí dókítà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ni kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn tí etí rẹ̀ jí gan-an. Orin tó bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, á ti tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Mo rò pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Mo ní kó máa tẹ scale, ìyẹn ohùn tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ogún ìgbà, ọgbọ̀n ìgbà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò lọ mọ́, wọn ò sì mú un padà wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, tíṣà àgbà kan wá láti ìhà Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn níbí, láti yá ìwé orin lọ́wọ́ mi. Mo ń kọ́ ọmọ mìíràn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n jókòó dè mí. Wọ́n wò wá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n máa lanu, ohun tí wọ́n sọ kò ju, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò mà kanlẹ̀." Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí ọmọkùnrin yẹn. Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo sì fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Ojú ẹlòmíràn ni mi ò ní. Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, kò sí tíṣà kan tó jókòó sínú yàrá yẹn pẹ̀lú mi. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Ilẹ̀kùn á ti mọ́ tíṣà àti ọmọ. Òbí tó ń dúró ní pálọ̀ kò mọ ohun tó yẹ kó fetí sí, ọmọ pàápàá kò mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Àṣìṣe tí a bá ṣe ní ọdún àkọ́kọ́, a lè ṣe é fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Wo bí ọmọ Àyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́. Omele ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, á dúró sáàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá wọn á gbé ìyáàlù kọ́rùn. Bó bá ṣìlù, gbogbo wọn ló gbọ́, ẹni tó sún mọ́ ọn á ti fojú bá a wí kí orin tó yí. Bàbá náà kò dá wà, torí àwọn onílù mìíràn ń gbọ́ ọ lóde ìnáwó. Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní 1935, kọ́ píánò ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn onílù dùndún ló tún padà lọ kẹ́kọ̀ọ́, orí ìlù náà ló sì kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé ní Yunifásítì Ghana ní Legon ní 1974. Nínú orin tó kọ fún píánò, o máa gbọ́ ohun tó rí lọ́dọ̀ wọn: a lè tẹ píánò bí ẹni ń lùlù, kí ọwọ́ kan di ìlù mú láìyẹ̀, kí ọwọ́ kejì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ náà ò dá kọ́ṣẹ́. Ekundayo Phillips ló ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina ní Èkó, láti 1914 títí di 1962. Inú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni Fela Sowande, tó kọ orin dùùrù nígbà tó yá, ti dàgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù. Nígbà tí Phillips sì fi àga náà sílẹ̀, Obayomi ọmọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1876 ni àwọn olùkọ́ orin ti kóra jọ ní ìlú Delaware ní Ohio, tí wọ́n dá Music Teachers National Association sílẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Carola Grindea, ọmọ ilẹ̀ Romania, dá European Piano Teachers Association sílẹ̀ ní 1978. Gbogbo wọn ló rí i pé ilẹ̀kùn yẹn kò dára ní títì.

Àwa ní Ìbàdàn kò tilẹ̀ ní orúkọ. Àwa mẹ́fà ni, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹnì kan á mú ọmọ kan wá, á kọ́ ọ fún ogún ìṣẹ́jú níwájú wa, àwa yòókù á máa wò. Lẹ́yìn náà ọmọ á lọ jẹ bísíkíìtì rẹ̀, a ó wá sọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo la ní: sọ ohun tí o rí kí o tó sọ èrò rẹ. "Àtàǹpàkò rẹ̀ ń sá jáde kúrò lórí píánò" wúlò fún mi ju "o ò kọ́ ọ dáadáa" lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, àyà mi ń lù kìkì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo máa ń ka "ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin" sókè débi pé ọmọ kò rí àyè ka tirẹ̀ nínú ara. Ta ni ì bá sọ fún mi?

Ìjà tó pẹ́ jù láàárín wa ni ti bọ́tìnì transpose, èyí tó ń gbé gbogbo ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ìka yí ipò padà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ orin tẹ̀ láti ibòmíràn, àfi kí dò wà lórí C. Bí akọrin bá gbé orin gba ibòmíràn, á wá ibi tó wà, á tẹ bọ́tìnì, á máa bá C rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí a gba bọ́tìnì náà lọ́wọ́ wọn pátápátá. Òmíràn ní oúnjẹ ọmọ náà ni, torí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń sanwó fún un kò ní dúró de ọjọ́ tó máa mọ orin tẹ̀ láti ibi méjèèjìlá tí dò lè wà. Èrò tèmi ni pé kí o fi bọ́tìnì sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n kó má débẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un dé iwájú píánò onígi, kò sí bọ́tìnì kankan níbẹ̀ tó máa gbà á sílẹ̀. Sol-fa ló máa gbà á sílẹ̀, ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ilé ìwé ló ti mọ dò, re, mí gẹ́gẹ́ bí àmì ohùn èdè rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ akọrin ló ti mọ̀ pé dò lè wà níbikíbi. Mú orin kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa. Lọ́sẹ̀ yìí, dò wà lórí C. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbé dò lọ sórí G, lẹ́yìn rẹ̀ sórí F. Nígbà tí o bá ń kọ́ ọ ní kíka àmì orí ìlà márùn-ún, kọ sol-fa sábẹ́ rẹ̀ ní pẹ́ńsù, kí o máa pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ọ̀dọ̀ tíṣà àgbà Mọ́kọ́lá yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Wọn kì í fi ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí kíì funfun. Kíì dúdú márùn-ún nìkan ni wọ́n máa ń fi hàn án, méjì àti mẹ́ta, tí ojú tètè ń dá mọ̀. Ohùn márùn-ún yẹn tó púpọ̀ nínú orin òṣùpá wa láti kọ. Ọmọ á kọ́kọ́ fẹnu kọ orin tó bá ìyá rẹ̀ kọ nílé, á pàtẹ́wọ́ sí i, á wá fi ìka wá a. Á gbọ́ bí orin ṣe ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè. Mo ti rí ọmọ tó fi ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ odindi orin, tó sáré lọ pe bàbá rẹ̀ wá gbọ́.

Ní ti ìwé, IMSLP, ibi ìkó-ìwé-orin-sí, ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2006, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ àwọn tó ti kú tipẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Sowande kú ní 1987, Euba ní 2020. Ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ wọn kò tíì parí, nítorí náà má fi fọ́tòkópì pín in kiri. MuseScore, ètò tí a fi ń kọ àmì orin sílẹ̀, náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, òun ni mo fi ń kọ orin ìyìn sílẹ̀ fún ọmọ ní ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Bí àwọn òbí bá ń sọ̀rọ̀ ìdánwò orin ti ABRSM, àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, má kọ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìdánwò bèèrè di gbogbo orin tí ọmọ gbọ́ lọ́dún. Fún un ní orin kékeré tó rọrùn, tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ fi máa mọ ìwé kà. Bí o bá dé Èkó, yà sí MUSON, ilé ẹgbẹ́ olórin, ní Oníkan. Ilé ẹ̀kọ́ orin wọn ti wà láti 1989. Béèrè bóyá wọ́n á gbà ọ́ láyè kí o jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ ohùn píánò náà wà níbẹ̀. Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi inú rẹ̀, òjò máa ń mú un wú, ohùn á sì máa yẹ̀. Ẹni tó ń tún ohùn píánò ṣe ń bọ̀ láti Èkó, owó ọkọ̀ rẹ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dá san lọ. Àwa mẹ́fà ń pawọ́ pọ̀ san án, á fi ọjọ́ méjì yípo ilé wa.

Ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, lọ kí ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Aké. Mú nǹkan díẹ̀ dání, kúnlẹ̀ dáadáa, sọ pé o fẹ́ kí wọ́n wá wò ọ́ níbi tí o ti ń kọ́ ọmọ. Béèrè ẹlòmíràn tí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá pé mẹ́ta, ó ti tó.

Kó tó dìgbà náà, wọkọ̀ wá sí Ìbàdàn ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Bẹ ìyá ọmọ náà kó jẹ́ kí ó tẹ̀ lé ọ, kí òun náà bá yín wá. Ìwọ lo máa kọ́ ọ níwájú wa, èmi ló kàn lẹ́yìn rẹ. Gbọ̀ngàn yẹn kò ní àpótí, nítorí náà gbé ti màmá rẹ dání, kí o sì bá mi kí wọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ