Ta Ló Ni Rédíò Ìjọba?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka ìròyìn Yorùbá ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ kan títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí a ṣe ń to ìròyìn àárọ̀. Gómìnà ló ń ṣíwájú, ìyàwó gómìnà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kọmíṣọ́nà. Lọ́jọ́ kan, àgbàrá gbé afárá lọ, àwọn obìnrin tó ń ru gààrí lọ sọ́jà há sí òdì kejì odò. Akọ̀ròyìn wa débẹ̀, ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí n tó wọ sítúdíò, wọ́n ti fi bírò pupa fa igi lé ìròyìn náà, torí gómìnà ti sọ lórí rédíò wa kan náà pé òun ti tún afárá yẹn ṣe. N kò bínú sí ẹni tó fa igi lé e. Ọwọ́ gómìnà ni owó oṣù wa ti ń wá, òun ló yan ọ̀gá wa, òun ló sì lè yọ ọ́ nígbàkigbà.

Kì í ṣe torí irú èyí la ṣe dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwa sílẹ̀. Ní 1953, Macpherson, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Action Group (AG). Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì, wọ́n kọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè 1954 wá gba àwọn ẹkùn láyè láti ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tiwọn, nígbà tó sì di 31 Oṣù Kẹwàá 1959, WNTV, tẹlifíṣọ̀n ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn. Ní 1977 ìjọba ológun kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ NTA, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tún padà ní tiwọn, àmọ́ gómìnà tó bá wà níbẹ̀ ló ń ṣe Macpherson fún alátakò rẹ̀.

Àbúrò mi ń gbé ní Jámánì. Ojúlé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń san yúrò 18.36 lóṣù fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo ìlú, owó náà kì í sì í gba àpò ìjọba kọjá. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní KEF, tí kò sí lábẹ́ olóṣèlú kankan, ló ń ṣírò iye tí iṣẹ́ náà máa ná wọn. Ní 2020, ìpínlẹ̀ Sachsen-Anhalt kò fọwọ́ sí àfikún sẹ́ǹtì 86 péré. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà gba kóòtù lọ, ní 2021, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n máa gba àfikún náà, pé òmìnira ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni ìpínlẹ̀ yẹn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ló ti sọ ní 2014 pé àwọn èèyàn ìjọba kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ZDF, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n ní Gíríìsì, ní Oṣù Kẹfà 2013, ìjọba kéde pé òun ti ERT, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo ìlú wọn, pa, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí iṣẹ́ fi dáwọ́ dúró. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó ṣí i padà.

N kò ní ká máa gba owó rédíò lójúlé. Ara ń ni aráàlú. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fi òfin ya owó ilé-iṣẹ́ rédíò sọ́tọ̀ fún ọdún mẹ́rin mẹ́rin, kí ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbẹ̀ pọ̀ ju olóṣèlú lọ nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí gómìnà má sì lè dá yọ ọ̀gá àgbà. Ilé aṣòfin tó bá kọ́kọ́ gbé irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ jáde, kí ó pe àwa tí a ti jókòó nídìí máíkì rí wá sọ ohun tí ojú wa rí. Èmi á wá, mà á sì ka ìròyìn afárá yẹn fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàròyìn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.